Kí ló ń dá ìbọn dúró kó tó dún?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ọdẹ kan ní Ìbógun ní kí n yá òun ní fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n àdá. Tírígà ṣakabùlà òun ti le jù, òun fẹ́ rẹ́ ẹ fúnra òun nílé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

Ẹ wò ó, ìka wa kọ́ ló ń yin ìbọn o. Sípíríǹgì ni. Tẹ́ ẹ bá ti fa òòlù ìbọn sẹ́yìn, agbára ti wọnú sípíríǹgì yẹn. Etí irin kékeré kan tó há sí ara òòlù ló dì í mú. Tírígà kàn ń yọ etí yẹn kúrò ni. Ó ń le torí pé irin ń ha irin. Tẹ́ ẹ bá fi fáìlì rẹ́ ẹ, á rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ ibi tó há sí á kéré débi pé tí ìbọn bá ṣèèṣì jábọ́, ó lè dún.

Iléeṣẹ́ ńlá gan-an ń ṣì í. Lọ́dún 2014, Remington ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn oníbàárà dá ìbọn Model 700 tó ní tírígà X-Mark Pro padà, torí gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń tò ó. Gọ́ọ̀mù lásán!

Bàbá wo fáìlì, ó wò mí. Ó ní òun á gbé e lọ fún àgbẹ̀dẹ. Mo ní kó kọ́kọ́ da ẹ̀tù inú ẹ̀ nù.