Ojú Tó Ń Kán Olóko Kòkó

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Kò sí ọmọ Yorùbá tí màá máa túmọ̀ ìyẹn fún. Kòkó ni mo fẹ́ gbé òwe náà lé lórí, torí pé kòkó ló ń bí mi nínú báyìí.

Níbi ìwọ̀n kòkó ní abúlé kan lápá Ìdànrè ni mo wà nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin kan fi ọ̀kadà gbé àpò méjì dé. Oko baba rẹ̀ ló ń mójú tó. Mo mọ baba náà kó tó kú. Kòkó rẹ̀ kì í lábùkù. Oníwọ̀n tú ẹnu àpò kan, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, ó bu hóró jáde láti ìsàlẹ̀, ó sì fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Kòkó tó gbẹ máa ń ké pàrà lọ́wọ́. Èyí kò ké rárá, ńṣe ló ń tẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ, ó la bíi mẹ́wàá sí méjì, ó tò wọ́n sórí pákó. Inú àwọn kan ṣì ní àwọ̀ elésè-àlùkò, inú àwọn mìíràn rí bí eérú, àwọn kan sì ti bu. Ekukáká la fi rí ọ̀kan tó ní àwọ̀ búráùn tí à ń wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n," ni ọmọ náà wí fún mi. Kí n tó bẹ ẹnikẹ́ni, mo bi í pé ọjọ́ mélòó ló fi bo kòkó yìí.

"Ọjọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n. Ojú ló ń kán mi."

Ọjọ́ méjì! Igi tó lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so, èso tó lo oṣù márùn-ún sí mẹ́fà lórí igi kó tó pọ́n, òun náà ni ẹ ò wá lè fún ní ọjọ́ márùn-ún péré lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó jogún oko lóde òní rò pé nítorí kí nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ara hóró lè yọ́ dànù la ṣe ń bo kòkó. Bí ìyẹn bá jẹ́ gbogbo rẹ̀, omi ì bá fọ̀ ọ́ kúrò ní wákàtí kan. Iṣẹ́ tó ń lọ lábẹ́ ewé yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ da kòkó tútù sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí sínú apẹ̀rẹ̀, ẹ bò ó dáadáa, kí omi rẹ̀ rí ọ̀nà ṣàn lọ. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì, ìwúkàrà ti ń jẹ ṣúgà inú nǹkan funfun yẹn, ẹ ó sì gbọ́ òórùn ẹmu. Ẹ yí i ní ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Òórùn ẹmu á di òórùn kíkan, òkìtì náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ẹ ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ẹ ó tètè fà á yọ, torí pé ooru ibẹ̀ lè tó ìwọ̀n 45 sí 50 lórí Sẹ́lísíọ́ọ̀sì. Ooru yẹn àti kíkan yẹn ló ń pa ọmọ inú hóró kó má lè hù mọ́. Ìgbà tó bá kú tán ni inú rẹ̀ ń kúrò ní elésè-àlùkò bọ́ sí búráùn, tí ìkorò rẹ̀ ń dín kù, tí ohun tí yóò padà fún ṣokoléètì ní adùn sì ń jáde. Ẹ tún un yí ní ọjọ́ kẹrin. Tó bá di ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà, ẹ kó o síta.

Ẹni tó kó o síta ní ọjọ́ kejì kó o nígbà tí iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kò sì sí bí wọ́n ṣe lè yan án nílẹ̀ òkèèrè tí adùn tí kò bí yóò fi wá dé.

Sísá náà ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kan ni bí oòrùn bá mú, ó sì máa ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan bí òjò bá ń dí i lọ́wọ́. Kí ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ máa fẹsẹ̀ tàbí igi yí i kiri lọ́sàn-án, kí ẹ ṣa èyí tó fọ́ àti èyí tó lẹ̀ mọ́ra kúrò, kí ẹ bò ó kí ìrì tó sẹ̀. Tí omi inú rẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ lè dì í sápò. Tó bá ti lé ní ìdá mẹ́jọ, bíbu ló kù. Mo ti rí àwọn tó ń sá a sójú títì ọlọ́dà nítorí pé ọ̀dà ń gbóná, ó ń yá. Ó ń yá lóòótọ́. Ó sì ń fa òórùn ọ̀dà àti èéfín ọkọ̀ mọ́ra, ewúrẹ́ ń da ìgbẹ́ sí i, táyà ọkọ̀ akẹ́rù ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣokoléètì ọmọ ẹlòmíì lẹ ń sá bẹ́ẹ̀ yẹn o! Bí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì kò bá sí, ẹ kan àtẹ́ oparun, ẹ gbé e ga nílẹ̀; oparun kò wọ́n ní Ìdànrè.

Àwọn kan tún gbà pé bí kòkó bá tutù, yóò wúwo, owó yóò sì pọ̀. Ọgọ́rùn-ún kílò kòkó tútù kì í ju bí ogójì kílò lọ tó bá gbẹ tán. Oníwọ̀n tó ti ń ra kòkó láti ọjọ́ pípẹ́ mọ ìṣirò yìí sórí. Iye tó yọ fún omi nínú àpò ọmọ tí mò ń sọ yìí pọ̀ ju omi tó wà níbẹ̀ lọ, ẹnu ọmọ náà kò sì gbà á láti jiyàn, nígbà tó jẹ́ pé òun náà mọ̀ pé kòkó òun kò gbẹ.

Ìgbà kan wà tí irú àpò yìí kò ní kúrò lábúlé. Láti nǹkan bí 1880 tí oníṣòwò Èkó kan, J. P. L. Davies, ti ń gbin kòkó ní Ìjàn lẹ́bàá Agége, díẹ̀díẹ̀ làwọn baba wa kọ́ iṣẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba wá ń tà á fún wọn, àwọn ayẹ̀kòkówò wà tí wọ́n ń la hóró wò, wọ́n ń pín kòkó sí ìsọ̀rí, owó ìsọ̀rí kìíní sì yàtọ̀ sí ti ìkejì. Mi ò sọ pé ìjọba náà san owó tó tọ́ fún àgbẹ̀. Ẹni tó bá rántí ọ̀tẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 àti 1969 mọ̀ pé ara ń ta àwọn àgbẹ̀ gan-an. Àmọ́ nígbà tí wọ́n tú ìgbìmọ̀ ìjọba tó ń ta kòkó ká ní 1986, ẹnikẹ́ni tó bá ti ní owó àti òṣùwọ̀n di oníwọ̀n. Èyí tó gbẹ, wọ́n rà á. Èyí tó tutù, wọ́n rà á. Orúkọ kòkó Nàìjíríà sì bàjẹ́ lọ́jà òkèèrè.

Títí débí, òwe wa ṣì dúró gbọn-in. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì lọ́wọ́ mi ni ìgbà tí mo bi ọmọ náà ní ohun tó ń kán an lójú. Ó ní oṣù kẹjọ ni, wọ́n fẹ́ wọlé ẹ̀kọ́, ọmọ méjì ló ní tó ń lọ sí sẹ́kọ́ńdìrì, kò sí owó. Ó lọ yá owó sórí kòkó tó ṣì wà lórí igi. Ta ló yá? Oníwọ̀n yìí kan náà. Wọ́n ti dá iye tí kílò kan máa jẹ́ lóṣù kẹjọ yẹn, ó sì kéré sí iye ọjà nígbà ìkórè. Nígbà tí oníwọ̀n gbọ́ pé ó ti ń fọ́ kòkó, ó rán ọmọọṣẹ́ rẹ̀ lọ dúró sí oko, pé òun ń retí ẹrù òun, kí ẹlòmíì má baà rà á mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹni tó ń la hóró sórí pákó tó ń mi orí yẹn gan-an ló lé kòkó jáde lábẹ́ ewé.

Ẹ wá sọ fún mi bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sọ̀ mú ohun tí ẹlòmíì ti dì mú tipẹ́. Òwe àwọn àgbà gbà pé ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ọwọ́ ara rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti jẹ owó kòkó kí kòkó tó pọ́n kò ní ọwọ́ mọ́. A lè wàásù ẹ̀sọ̀ fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, owó tó jẹ kò ní dín.

Oko pàápàá kì í fi gbogbo ìgbà dúró de ẹlẹ́sọ̀. Láti oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, nígbà tí òjò bá pọ̀, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú máa ń jà. Bí èso kan bá ní àmì kékeré lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ó ti dúdú látòkè délẹ̀. Ẹ̀kán omi òjò ń ta á sára èso mìíràn, èèrà sì ń gbé e gun igi. Ẹni tó bá ní òun ń fẹ̀sọ̀ wò ó níbẹ̀ yóò ká èédú. Ẹ já a kíákíá, ẹ kó o kúrò lóko, ẹ fín oògùn tó ní bàbà nínú, ẹ gé ẹ̀ka tó bo ara wọn kí atẹ́gùn lè kọjá. Kòkó tó ti pọ́n náà, tó bá pẹ́ jù lórí igi, hóró inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ọ̀kẹ́rẹ́ àti eku á jẹ nínú rẹ̀. Olè ńkọ́? Ní 2024, nígbà tí owó tọ́ọ̀nù kan kọjá dọ́là 10,000 lọ́jà àgbáyé nítorí pé kòkó kò so dáadáa ní Gánà àti lápá Àbíjàn, àwọn olè ń wọ oko lóru. Mo mọ àwọn àgbẹ̀ tó ká kòkó wọn ní aláìpọ́n kí olè má baà bá wọn ká a. Èmi kò jẹ́ bú wọn. Ọdún yẹn kan náà, àwọn tó ń rà á kò la hóró kankan wò, wọ́n ń bá kòkó tútù lọ sílé olóko. Ẹni tó fẹ̀sọ̀ ṣe tirẹ̀ àti ẹni tó fi ìkánjú ṣe é gba owó kan náà. Owó náà ti wá já wálẹ̀ gan-an ní 2025, ọ̀bẹ sì ti padà sórí pákó, àmọ́ ìwà tí wọ́n fi owó yẹn kọ́ àwọn ọmọ wa ṣì wà lára wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí olóko kékeré ṣe kò le. Ẹ má so owó ilé-ìwé mọ́ kòkó rárá. Láti oṣù kẹwàá lọ ni kòkó ńlá ń wọlé, oṣù kẹsàn-án ni iléèwé ń wọlé. Wọn kò bára wọn mu, wọn kò sì ní bára wọn mu láéláé. Àgbàdo ń jáde ní oṣù keje. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí ẹ gbìn láti ṣíji bo kòkó kékeré ń so káàkiri ọdún. Pákí wà nílẹ̀, ẹ lè wú u díẹ̀díẹ̀ (ìyẹn náà kì í gba ẹ̀sọ̀ o: bí ẹ bá ti wú u, kí ọjọ́ kẹta tó pé ẹ ti gbọ́dọ̀ rin ín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti rà). Ẹ ya igun oko kan sọ́tọ̀ fún àwọn mẹ́ta yìí, kí ẹ sì pè é ní oko ilé-ìwé, kí ìyàwó àti ọmọ gbọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi owó rẹ̀ ra aṣọ ẹbí.

Bí ọ̀ràn bá wá le tó fi di dandan láti yáwó, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bó bá jẹ́ oníwọ̀n náà ló kù, ẹ yá náírà, kí ẹ san náírà padà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dá iye kílò fún yín lóṣù kẹjọ. Kí ó jẹ́ iye ọjà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e dé. Kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí pé lẹ́yìn tí kòkó bá gbẹ tán ni ẹ ó gbé e wá, kí ẹnikẹ́ni má sì rán ọmọọṣẹ́ wá jókòó ti òkìtì tí ń gbóná lọ́wọ́.

Ẹ̀yin oníwọ̀n sì rèé, ẹ̀yin ni mo fi ọ̀rọ̀ mi pa mọ́ dè. Ẹ mọ kòkó ọjọ́ méjì yàtọ̀ sí kòkó ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀bẹ yín kò purọ́ rí. Owó kan náà lẹ ń san fún méjèèjì nígbà tí ojú ń kán yín, ìgbà tí ọjà bá dẹ̀ lẹ wá ń mi orí sí àgbẹ̀. Ẹ kọ iye méjì sára ògiri ìwọ̀n yín, ọ̀kan fún èyí tí wọ́n bò dáadáa tó sì gbẹ, ọ̀kan fún èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ kí oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ yìí tó dé.