Lẹ́tà sí Àkànkẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ Máṣíìnì Tuntun

Ẹ̀gbẹ́dá, Alímọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àkànkẹ́ mi,

Ìyá rẹ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ fún mi: pé o fẹ́ yá owó lórí fóònù, kí o fi ra máṣíìnì industrial àti wíífìn tó ń di etí aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ẹni tí ẹ jọ gba fírídọ̀mù ti kó méjèèjì sí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Ìdímù. N kò bínú sí ọ. Ẹni tí kò fẹ́ kí iṣẹ́ òun ga ni ǹ bá bínú sí. Ṣùgbọ́n jókòó ná, kí o ka lẹ́tà yìí tán kí o tó fọwọ́ kan fóònù.

Má yá owó yẹn. Bí ọjọ́ àtisan bá fi ọjọ́ kan péré kọjá, àwọn ayánilówó orí fóònù kan lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ: oníbàárà rẹ, pásítọ̀ rẹ, àti ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọ. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mo mọ̀ ní àdúgbò wa níbí. Ìyẹn parí.

Ọ̀rọ̀ abíyá ni mo fẹ́ bá ọ sọ gan-an. Ní Ọdún Àjíǹde tí mo wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ ní Ìkòtún, mo jókòó sídìí fáànù, mo ń wò ọ́. Obìnrin kan gbé bùbá rẹ̀ padà wá, ó ní abíyá há òun. Kò pẹ́ tí òmíràn tún dé, abíyá ni tòun náà. O bẹ̀ wọ́n, o tú u, o fẹ̀ ẹ́ díẹ̀, wọ́n lọ. Lẹ́yìn náà lo fa aṣọ tó kàn, o sì gé abíyá rẹ̀ bí o ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀. Àkànkẹ́, kò sí máṣíìnì tó ń tún ìyẹn ṣe. Industrial yóò kàn rán abíyá tó há yára ju máṣíìnì Butterfly rẹ lọ ni.

Ra ìwé kékeré kan. Aṣọ yòówù tó bá padà wá, kọ ohun tó gbé e padà sínú rẹ̀: abíyá, ọrùn, síìpù, tàbí pé o kò parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí o dá. Bó bá di alẹ́ Sátidé, ka àwọn ẹjọ́ náà, kí o mú èyí tó pọ̀ jù, kí o sì dojú kọ òun nìkan lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bó bá jẹ́ abíyá, má fi téèpù wọn àyà àti apá nìkan. Fi í wọn àyíká ibi tí apá ti so mọ́ èjìká, kí o fi àyè sílẹ̀ fún un. Gé e sórí pépà ná kó tó kan aṣọ ènìyàn. Ìyókù, fi wọ́n sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Bí ẹjọ́ abíyá bá dáwọ́ dúró, fi pépà náà kọ́ ara ògiri, kí o wá kọjú sí síìpù.

Mo mọ̀ pé o máa sọ pé ojoojúmọ́ lo kúkú ń ránṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn télọ̀ kan wà lójú ọ̀nà wa tí wọ́n ti ń ránṣọ kí wọ́n tó dìbò 1993, ọrùn tí wọ́n ń rán nígbà náà ni wọ́n ṣì ń rán. Kí ènìyàn pẹ́ nídìí iṣẹ́ yàtọ̀ sí kó máa tún un ṣe.

Àwọn ará Japan tó ń ṣe Toyota, ọkọ̀ tí a ń wọ̀ káàkiri yìí, ohun tí wọ́n ṣe nìyẹn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Wọn kò lówó bíi ti àwọn ará Amẹ́ríkà. Wọ́n so okùn kan sí ibi iṣẹ́, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù fà á. Bí wọn kò bá rí àtúnṣe ṣe kíá, iṣẹ́ á dúró, wọ́n á wá ìdí rẹ̀ níbẹ̀, dípò kí wọ́n kó gbogbo àtúnṣe jọ dìgbà tí ọkọ̀ bá parí. Masaaki Imai kọ ìwé kan lé irú ìṣe yìí lórí ní 1986, *Kaizen* ló pè é, ó sì tàn ká ayé. Okùn yẹn ló wù mí jù. Ọmọṣẹ́ rẹ kékeré yẹn, mo gbọ́ bí o ṣe jágbe mọ́ ọn nígbà tó ní, “Àǹtí, ó jọ pé ibí yìí kéré.” Òótọ́ ló sọ! Jẹ́ kó lè fa okùn tirẹ̀.

Máṣíìnì yóò dé, ṣùgbọ́n kí àjọ gbé e wá. Bí orí ènìyàn bá pé, a máa ń ní ó pé bíi ti Alájọ Ṣómólú. Ènìyàn gidi ni: Alphaeus Táíwò Olúnáíkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n bí ní 1915. Télọ̀ bíi tìrẹ ni kó tó di alájọ. Nígbà tó ti Kamẹrúùnù dé ní 1954 ló bẹ̀rẹ̀ sí gba owó kéékèèké lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Wọ́n ní kì í kọ ọ́ sílẹ̀, kì í sì ṣi owó ẹnikẹ́ni san. (Ìwọ má dán ìyẹn wò o. Kọ tìrẹ sílẹ̀.) Wọ́n tún ní ó ta mọ́tò, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín, àmọ́ kẹ̀kẹ́ ló lè wọ kọ̀rọ̀ ọjà dé ìdí igbá obìnrin aláta.

Iye tí o máa dá, wò ó láti ọjọ́ tí ọjà kò tà, tí iná kò sí, tí òjò sì ti dí ọ̀nà Ìkòtún pa. Iye tí o bá lè dá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni kó jẹ́ iye rẹ. Bí Oṣù Kejìlá bá dé tí aṣọ ẹbí ń wọlé, má bù sí i. Fi èyí tó bá lé ra òwú àti gọ́ọ̀mù sílẹ̀. Owó ọjọ́ kan lóṣù ni ti alájọ, má bá a jà sí i, àmọ́ kọ́kọ́ bèèrè ìdílé rẹ̀ àti ọdún tó ti lò nínú ọjà, nítorí àwọn kan máa ń gbé owó olówó sá lọ.

Bí àjọ bá pé, wíífìn ni kí o kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ náà dára. Ìdí ni pé gbogbo aṣọ tí o ń rán lo ń sanwó wíífìn lé lórí níta. Owó tí o kò bá san mọ́ yẹn ni kí o máa fi kún àjọ tí yóò ra industrial. Bí ọ̀pọ̀ ṣe kọ́lé ní Ìgàndò nìyẹn: yàrá kan ni wọ́n kọ́kọ́ kan òrùlé lé, wọ́n kó wọ̀ ọ́, owó ilé tí wọn kò san mọ́ ló ń ra búlọ́ọ̀kù ìyókù.

Má sì bẹ̀rù pé ẹni tó wà ní Ìdímù yóò gba oníbàárà rẹ. Nínú ìkànìyàn 2006, Alímọ̀ṣọ́ yìí nìkan lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn, wọ́n sì ti pọ̀ sí i. Gbogbo wọn ló ń wọṣọ.

Sátidé tó ń bọ̀, wá sọ́dọ̀ mi, kí o mú ìwé yẹn dání, àti bùbá kan tó padà wá. Bá mi ra téèpù tuntun lọ́nà, tèmi ti nà. Kí ìyá rẹ fún mi, kí o sì sọ fún un pé èlùbọ́ rẹ̀ ti dé ọwọ́ mi.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Ẹ̀gbẹ́dá.