Bí A Ti Ń So Igbó Tí Ó Já Pọ̀

Ní ilẹ̀ Bràsíl, nítòsí ìlú Rio de Janeiro, ọ̀bọ kékeré kan wà tí irun rẹ̀ pọ́n bí wúrà, tí ó sì ní gọ̀gọ̀ bí ti kìnnìún. Kò wúwo tó kìlógíráàmù kan. Èso àti kòkòrò ni oúnjẹ rẹ̀, inú ihò igi ni ó sì ń sùn. Kò sí i nínú igbó ilẹ̀ mìíràn.

Láyé àtijọ́, igbó ńlá bo gbogbo agbègbè náà. Àwọn ènìyàn gé e nítorí ìrèké, kọfí àti pápá màlúù, títí ó fi kù bí erékùṣù kéékèèké láàrin koríko. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, a ṣírò pé ọ̀bọ wọ̀nyí kù bí 200. Ní 1974, ìjọba ya igbó Poço das Antas sọ́tọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n èyí nìkan kò tó. Ẹ̀rù àṣá kì í jẹ́ kí wọ́n la pápá gbalasa kọjá. Àgbẹ̀ tí ń sin ewúrẹ́ sì mọ̀ pé bí òbúkọ bá ń gun ọmọ ara rẹ̀ láti ìran dé ìran, agbo yóò di aláìlera. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹranko tí a sé mọ́ inú igbó kékeré.

Nítorí náà ni ẹgbẹ́ Associação Mico-Leão-Dourado, tí a dá sílẹ̀ ní 1992, fi ń bá àwọn àgbẹ̀ gbin igi ìbílẹ̀ láti igbó kan dé èkejì. Koríko tí a kó láti Áfíríkà wá fún màlúù ni ọ̀tá irúgbìn náà. A níláti máa ro ó fún ọdún mélòó kan, kí a má sì jẹ́ kí iná wọ ibẹ̀, títí òjìji igi yóò fi pa koríko. Ní 2020, a parí afárá kan lórí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá, a da erùpẹ̀ sórí rẹ̀, a sì gbin igi sí i, kí ẹranko lè rékọjá.

Ní 2014, ọ̀bọ náà tó 3,700. Lẹ́yìn náà ni ibà pọ́njú, tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, jà láàrin wọn. Ní 2019 wọ́n kù bí 2,500. Ṣùgbọ́n níbi tí igbó bá ti so pọ̀, àwọn tí ó yè lè rìn lọ síbi tí ó ṣófo, kí wọ́n sì bí sí i. Ní 2023, a kà wọ́n tó bí 4,800.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Kí àgbẹ̀ tí odò ṣàn la oko rẹ̀ kọjá dá igi bèbè odò náà sí, kí ó sì gbin òmíràn dípò èyí tí ó ṣubú. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó kù fún ẹranko láàrin igbó méjì nìyẹn.