Jẹ́ Kí Òjò Fọ Ọ̀nà Ná

Ọmọ mi, ìwọ tí o ń fi alùpùpù wá oúnjẹ òòjọ́ ní Johannesburg, àti ìwọ tí o ra alùpùpù ńlá láti máa fi gbafẹ́ lórí òkè lópin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti gùn ún rí. Mo ti ṣubú rí. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, èjìká mi òsì ló kọ́kọ́ máa ń sọ fún mi, kí ojú ọ̀run tó ṣú.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, nínú oṣù kẹwàá, ọmọ àbúrò mi wọlé wá lálẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ kí wa dáadáa. Ìgbà tó fẹ́ dìde ni a rí i pé ọ̀rọ̀ wà ńlẹ̀. Mo ní kí ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè. Awọ ti bó láti eékún dé kókósẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ojú títì sì há sínú ẹran bí ata tí a kò lọ̀ kúnná. Ìyàwó mi fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti abẹ́rẹ́ yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ní òun kò sáré. Ó ní iná róbọ́ọ̀tì ló di pupa, òun tẹ bíréèkì iwájú, táyà sì bọ́ sórí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi sàmì sójú ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé òjò ń rọ̀ ni. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ó kàn ń wọ́n ni."

Ó kàn ń wọ́n ni! Ọmọ mi, gbólóhùn yẹn ló ń pa yín.

Gbọ́ bí ó ṣe rí. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ ní Johannesburg. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, epo tó ń jò lára ọkọ̀, dísù táńkà, ìdọ̀tí táyà àti eruku òkìtì ibi tí wọ́n ti wa góòlù, gbogbo rẹ̀ ló ń sùn sójú títì. Oṣù kẹwàá dé, òjò wọ́n díẹ̀. Òjò yẹn kò fọ nǹkan kan. Ó kàn po gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni, bí ìgbà tí a wọ́n omi sórí ọṣẹ dúdú. Ẹ̀yin ọmọdé rò pé òjò ńlá ni ọ̀tá. Wínníwínní àkọ́kọ́ ni. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò gbá ìdọ̀tí náà lọ sínú gọ́tà, táyà yóò tún rí nǹkan dì mú. Àmọ́ ọ̀dà funfun àti ìdérí irin ojú títì, ìwọ̀nyẹn ń yọ̀ títí wọn yóò fi gbẹ.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. "Bàbá, oníbàárà ń dúró." Òótọ́ ni. Láti ọdún 2019 tí ilé ìtajà Checkers ti gbé Sixty60 jáde láti máa fi alùpùpù gbé ọjà dé ilé oníbàárà, alùpùpù alápótí ti kún ìlú yìí, iṣẹ́ náà sì ń bọ́ ọmọ wa, ó ń bọ́ ọmọ Zimbabwe àti ọmọ Malawi. N kò bú iṣẹ́. Ìṣirò ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Bí ọmọ àbúrò mi bá yà sí ilé epo lọ́jọ́ yẹn, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìbá pàdánù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi jókòó sílé wa, kò rí kọ́bọ̀.

Èmi náà kò gbọ́n jù ú lọ nígbà tèmi. Ọdún 1973 ni. Olùkọ́ ni mí nígbà náà, mo fi owó tí mo yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra Honda tuntun. Mo fẹ́ lọ kí àwọn àna mi ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Mo wọ òfì. Bàbá mi gbójú sókè, ó ní òjò ti ń ṣú, kí n dúró. Mo ní mo mọ ọ̀nà náà bí ẹni mowó. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ọ̀nà náà mọ̀ ọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo tẹ̀ ẹ́.

Bí a bá ti kúrò ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, o mọ̀ pé òkè ni, ọ̀nà á máa lọ́ bí ejò. Mo wọ kọ́nà kan pẹ̀lú eré. Àárín kọ́nà ni mo tó rí i pé eré mi ti pọ̀ jù. Mo tẹ bíréèkì. Táyà ẹ̀yìn sá lábẹ́ mi, ó ju èmi àti òfì mi sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Àgbẹ̀ kan ló fà mí jáde. Ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó ni mo fi dé ilé àna, ẹrẹ̀ lára mi, èjìká mi ti yẹ̀. Àna mi ọkùnrin kò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ta ló ń lé ọ?" Títí di òní n kò tíì rí èsì rẹ̀.

Nítorí náà gbọ́ èyí. Kí o tó wọ kọ́nà ni kí o ti tẹ bíréèkì, nígbà tí alùpùpù ṣì wà lóòró. Fi bíréèkì méjèèjì dín eré kù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fún ọsàn tí kò fẹ́ kí kóró jáde. Bí o bá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fi bíréèkì sílẹ̀. Yí ojú rẹ sí ibi tí kọ́nà ń lọ. Bí o bá tẹjú mọ́ kòtò, inú kòtò ni wàá bá ara rẹ. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí o bá ń sọ̀kalẹ̀, fi jíà kékeré sí i kí ẹ́ńjìnnì bá ọ di alùpùpù mú. Má ṣe pa á kí o máa yí lọ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí àtifi epo pamọ́.

Ìwọ tí ń gbafẹ́, ó kàn ọ́. Mo mọ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́wọ̀ọ́ rìn lọ sí Long Tom Pass ní Mpumalanga. Ìbọn ńlá tí àwọn Boer fi jagun níbẹ̀ lọ́dún 1900 ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀nà R37 náà gòkè dé ibi tó ga ju mítà 2,100 lọ sí ojú òkun, láàárín Mashishing àti Sabie. Kùrukùru lè bò ó ní ìṣẹ́jú àáyá. Ọkọ̀ agégẹdú ń kọjá níbẹ̀, èèpo igi tútù sì ń já bọ́ sójú ọ̀nà. Ọmọkùnrin kan láàárín wa tẹ̀ lé àwọn tó ti ń gun alùpùpù fún ogún ọdún lọ síbẹ̀. Tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́ta. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Kò rí ọ̀nà nínú kùrukùru, iná pupa ẹni iwájú ló ń tẹ̀ lé. Ẹni iwájú mọ kọ́nà, ó yí. Òun kò yí. Ọwọ́ kan ló fi ń jẹun báyìí. Kí ló dé tí kò dúró? Ó ní ojú ń ti òun.

Bí iwájú ò bá ṣe é lọ, ẹ̀yìn a ṣe é padà sí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, yìnyín já bo ọ̀nà N3 ní òkè Van Reenen, awakọ̀ àti èrò há sínú ọkọ̀ mọ́júmọ́. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ò bá lè kọjá, kí ni ìwọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń wá lọ?

Ohun kan tún kan àwa tí a ti Nàìjíríà wá. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń rìn níbí. Ọwọ́ òsì ni àwa náà ń rìn nílé títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí ọ̀tún. Ó pẹ́ kí ara tó mọ́ wa. Ìwọ tí o dàgbà sí ọwọ́ ọ̀tún, ara rẹ yóò gbàgbé. Kì í ṣe láàárín ìlú tí ọkọ̀ pọ̀. Orí òkè tó dá ni, nígbà tí o bá sọ̀ mu omi, tí o tún gun alùpùpù. Kí o tó kúrò, fi ọwọ́ lu itan òsì rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe é títí mo fi fi alùpùpù sílẹ̀.

Iná iwájú, máa tàn án tọ̀sán tòru, òfin ni. Akoto, so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Òfin ìlú yìí ní kí ojú táyà jìn tó mílímítà 1. Mo ní kò tó. Pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Lọ́sàn-án òní, bí ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bá kan akoto rẹ, yà sí ilé epo. Má dúró sábẹ́ igi, àrá ìlú yìí kò dára. Pa alùpùpù. Pe ìyá rẹ nílé, kí o sọ fún un pé òjò ló dá ọ dúró.