Ṣé Kí N Jẹ́ Káwọn Òbí Fi Fóònù Gba Eré Mi Sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Onídán ni mí ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọdé ni mò ń ṣeré fún níbi ọjọ́ ìbí, àpèjẹ ìparí táàmù àti Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé. Mo ní ọmọláńgidi kan tó ń bá mi fèsì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, inú mi máa ń dùn bí mo bá rí fóònù lókè. Ní báyìí, n kì í tíì kí àwọn ọmọ tán tí fóònù á ti dí iwájú. Àwọn òbí mìíràn á gba gbogbo eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, wọ́n á sì gbé e sórí Facebook. Ìyàwó mi ní kí n fòpin sí i, pé àṣírí idán mi ń tú. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe MC ní bí mo bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti da iyanrìn sí gààrí ara mi, torí pé orí status WhatsApp làwọn oníbàárà ti ń rí mi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? — Onídán, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá onídán, ìbéèrè yín bọ́ sásìkò, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ yín ló sì ń dà láàmú. Bó ṣe yé mi nìyí: ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá idán yín ni kí ẹ dáàbò bò ni tàbí oúnjẹ òòjọ́ yín, nítorí ó jọ pé bí ẹ bá mú ọ̀kan, èkejì á bọ́.

Ìdáhùn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n gbà á sílẹ̀ lásìkò tí ẹ̀yin fúnra yín bá yàn, kí fóònù sì wálẹ̀ lásìkò yòókù, pàápàá nígbà tí ọmọ ọlọ́mọ bá wà níwájú pẹ̀lú yín. Òótọ́ ni ìyàwó yín sọ, òótọ́ sì lọ̀rẹ́ yín sọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì dárúkọ, ìyẹn ọmọ tí ẹ máa ń pè jáde síwájú, òun ni ọ̀rọ̀ yìí sì kàn jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti idán. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé onídán kì í pa idán kan náà lẹ́ẹ̀mejì lójú àwọn èèyàn kan náà. Nígbà àkọ́kọ́, ẹnu á yà wọ́n. Nígbà kejì, ọwọ́ yín ni wọ́n máa ṣọ́. Fídíò ló ń sọ ẹ̀ẹ̀kan di ogún ìgbà. Àwọn fóònù kan tilẹ̀ wà tó lè gba àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹni tó bá ń wò ó á fi máa wo ìka yín bó ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba idán tó bá gbára lé ìyára ọwọ́ tàbí ibi tí òǹwòran jókòó sí. Ọmọláńgidi, orin àti àwàdà ò ní àṣírí kankan tó fẹ́ tú. Òfin kì í bá èèyàn ṣọ́ èrò tàbí ọgbọ́n lásán, àmọ́ Copyright Act ti ọdún 2022 fún òṣèré ní ẹ̀tọ́ lórí gbígba eré rẹ̀ sílẹ̀ àti pínpín in kiri. Bí ẹ bá ní kí fóònù wálẹ̀, ẹ ò tẹ ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Kì í ṣe àrífín náà. Nígbà tí eégún apidán bá fẹ́ di òjòlá tàbí ọ̀nì lójú agbo, ṣebí àwọn atọ́kùn ló ń pinnu ibi tí èrò máa dúró sí, kò sì sẹ́ni tó ń bínú. Ní ti òkìkí, Professor Peller, onídán ọmọ Ìsẹ́yìn, kú ní ọdún 1997, kí fóònù alágbèéká tó dé ọwọ́ gbogbo ayé, síbẹ̀ ta ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní Nàìjíríà? Ẹnu àwọn tó wò ó ló gbé e kiri.

Ó ku ọmọ náà. Ẹ wò ó báyìí. Ẹ pe ọmọ ọdún mẹ́rin kan jáde, ẹ sì fa ẹyin yọ létí rẹ̀. Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun fọwọ́ bo etí, ó wo ilẹ̀ bóyá nǹkan mìíràn já bọ́, ó wá yíjú wá ìyá rẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá rí ohun tó ṣe é ní kàyéfì, ojú òbí rẹ̀ ló ń wò kó tó mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín ni tàbí kóun sunkún. Bó bá bá ẹ̀rín lójú ìyá rẹ̀, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n fóònù ló bo ojú ìyá náà. Ẹ̀yìn fóònù lọmọ rí. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó bú sẹ́kún, ìtọ̀ sì ń ṣàn wọ inú ìbọ̀sẹ̀ funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún un.

Bí kò bá sí fóònù níbẹ̀, ẹkún yẹn ò ní pẹ́. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n ṣe: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọmọláńgidi á bẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ̀ á gbé e mọ́ra, kí wọ́n tó gé kéèkì ó ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí fóònù mẹ́wàá bá ti gbà á, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó máa dé. Ẹnì kan á fi sí gúrúùpù àwọn òbí ilé ìwé, ẹlòmíràn á gé ojú ọmọ náà fi ṣe sítíkà WhatsApp. Ẹ̀yin náà á ti rí irú sítíkà bẹ́ẹ̀ gbà. Ọmọ ẹnì kan ni ọmọ ẹlẹ́kún tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń dàgbà lọ níbi kan. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára púpọ̀, torí pé ọmọ náà fọkàn tán yín ló ṣe jáde wá.

Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nínú fídíò náà: bánà tí wọ́n kọ orúkọ àti ọjọ́ orí ọlọ́jọ́ ìbí sí, báàjì ilé ìwé láyà aṣọ, nọ́ńbà ilé lára géètì. Ẹni tí kò mọ ìdílé náà rí lè kó gbogbo rẹ̀ jọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí ó ti dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú rèé: eré ni tiyín, ojú àwọn ọmọ kì í ṣe tiyín. Ẹ lè yọ̀ǹda iṣẹ́ ọwọ́ yín, àmọ́ ẹ ò lè yọ̀ǹda ọmọ ẹlòmíràn. Ìyá ọlọ́jọ́ ìbí pàápàá ò lè ṣe é, àyàfi fún ọmọ tirẹ̀. Àwọn tó wá bá a ṣeré ní òbí tiwọn. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 gbà pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìpamọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo dátà, tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, sì ní kí èèyàn gba àṣẹ òbí tàbí alágbàtọ́ kó tó lo ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Òfin yìí yọ ohun tí èèyàn ń ṣe fún ìlò ara rẹ̀ àti ilé rẹ̀ nìkan sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bẹ̀rù pé bàbá tó ya ọmọ rẹ̀ láti wò ó nílé ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ ṣọ́ra: fídíò tí ẹ bá gbé jáde láti fi wá iṣẹ́, òwò nìyẹn. Ẹ gba àṣẹ gbogbo òbí tí ojú ọmọ wọn bá hàn nínú rẹ̀, kí ó sì wà lákọsílẹ̀.

Báwo lẹ ó wá ṣe é tí oúnjẹ yín ò fi ní bọ́? Ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín síṣẹ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́, lásìkò tí ẹ bá ń sọ iye owó, kó má di ìjà lójú agbo. Bí eré bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí MC gba maíkì, kó ní: “Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ ó ya fídíò dáadáa nígbà tí ọmọláńgidi bá ń kọrin ọjọ́ ìbí. Ní báyìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ káwọn ọmọ wa rí ojú yín.” Èmi ò tíì rí òbí tí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ń bí nínú. Tí orin bá dé, ẹ sọ fún wọn pé àkókò ti tó, kí ẹ dúró dáadáa, kí ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tàn sí yín lójú. Àgbàlagbà tí kò bá gbé fóònù wálẹ̀ síbẹ̀, ẹ má dárúkọ rẹ̀ lórí maíkì o. Onílé ni kó lọ bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Bí ìyá àgbà kan bá sì wà níbẹ̀ tó ń fi fídíò kọ́ọ̀lù fi ọmọ han bàbá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá àga fún wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ náà, kí wọ́n kọjú fóònù sí ọmọ tiwọn.

Ní ti status tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, ẹ wá ọmọ iṣẹ́ kan tó máa dúró lẹ́yìn àwọn ọmọ, tó máa gbà yín láti ẹ̀yìn wọn. Orí àti ọwọ́ wọn tó ń gòkè á hàn, ẹ ó gbọ́ ẹ̀rín wọn, ojú ẹnì kankan ò sì ní hàn. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú kan, ẹ kọ nọ́ńbà yín sí i, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé lálẹ́ ọjọ́ náà, kó pín in fáwọn tó wá. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n á fi gbé e, torí pé ó mọ́ ju èyí tí ọwọ́ wọn gbọ̀n yà lọ, kò sì ní sí àṣírí idán kankan nínú rẹ̀.

Àwọn fídíò tó ti wà lórí Facebook tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ẹ má dààmú lórí gbogbo wọn. Èyí tí ọmọ bá ti ń sunkún tàbí tí ojú tì í nínú rẹ̀ ni kí ẹ mú, kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tó gbé e síbẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yọ ọ́. Bó bá kọ̀, ẹ fẹjọ́ rẹ̀ sun Facebook fúnra rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún òbí ọmọ náà, torí pé òun ló ní ẹjọ́ náà ju yín lọ. Ní ti ilé ìwé, ẹ lọ rí ọ̀gá àgbà kí ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ìyẹn Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, tó dé, kí ẹ bèèrè bóyá wọ́n ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí fún fọ́tò àti fídíò. Bí wọn ò bá tíì gbà á, àyè ṣì wà láti fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́ sílé pẹ̀lú àwọn ọmọ.