"Ìtọ̀ Ń Jò Lára Mi" Sàn Ju "Mo Tọ̀ Sára" Lọ

Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń sọ ohun tó ń ṣe ara. Ebi ń pa mí. Orí ń fọ́ mi. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ìtọ̀ ń gbọ̀n mí. Nínú gbogbo rẹ̀, ohun tó ń dààmú ara ni olùwà gbólóhùn. Èèyàn ni abọ̀. A kì í sì í dá ẹni tí ebi ń pa lẹ́bi. Àmọ́ bí ìyá kan bá wúkọ́, tí ìtọ̀ díẹ̀ yọ, ṣe la máa ń yí gbólóhùn padà, a ní "ó tọ̀ sára". Ìyá ti di olùwà, ó ti di ẹni tó hùwà. Ẹnu tí a fi ń bá ọmọdé tó tọ̀ sórí ẹní wí la wá fi ń sọ̀rọ̀ àgbà. Àṣìlò èdè nìyí, ó sì ń pa àwọn ìyá wa lẹ́nu mọ́.

"Ìtọ̀ ń jò lára mi" ló tọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe "tọ̀" ń wá ẹni tó ṣe é. "Jò" kò wá ẹnikẹ́ni, ohun tó ń jò nìkan ló ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ náà sì rí. Oyún àti ìbímọ máa ń mú kí iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró dẹ̀. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, omi ara tó ń fún ibẹ̀ lókun á dín kù. Ìyá tó gbé ẹ̀gẹ́ rù láti oko l'Ọ̀wọ̀, ní Ìpele tàbí ní Ìfọ́n, tó wá sín tàbí tó rẹ́rìn-ín, lè rí i pé aṣọ òun ti tutù.

Ẹ jẹ́ ká ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Nǹkan oṣù mi ò wá" lè jẹ́ oyún, ó sì lè jẹ́ pé ó pẹ́ ni. "Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró" ni ti ẹni tí kò rí i rárá fún oṣù 12 gbáko, tí ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti tó o. Ìtọ̀ jíjò kì í ṣe àtọ̀sí, kì í sì í ṣe ìtọ̀ súgà. Ẹ fi àmì ohùn sí i dáadáa pẹ̀lú: ìtọ̀ ló wà nínú àpò ìtọ̀, itọ́ ló wà lẹ́nu, àtọ̀ sì ni ti ọkùnrin.

Àwọn oníṣègùn fi ọ̀rọ̀ "sítírẹ́ẹ̀sì" sínú orúkọ irú ìtọ̀ jíjò yìí. Ẹni tó bá sáré túmọ̀ rẹ̀ sí másùnmáwo ti ṣì í, nítorí kì í ṣe ìrònú ló fà á. Agbára tó ń tẹ àpò ìtọ̀ nígbà tí a bá wúkọ́ tàbí tí a gbé ẹrù ni wọ́n ní lọ́kàn. Irú kejì ni "ìtọ̀ ń gbọ̀n mí gan-an, kí n tó dé ṣáláńgá ó ti dà". Gbólóhùn tí ìyá bá sọ ni nọ́ọ̀sì á fi mọ èwo ni, ìtọ́jú wọn ò sì rí bákan náà.

Ìdárayá fún iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún irú ìkíní. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, ló kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1948, tó sì sọ ọ́ di mímọ̀. Ibi tí èdè ti ń ṣini lọ́nà jù nìyí. Bí a bá ní "ẹ ṣe eré ìdárayá", ìyá á rò pé sísáré ni, bẹ́ẹ̀ sísáré lè mú kó jò sí i. Bí a bá ní "ẹ fi agbára sí i", á ti nǹkan sísàlẹ̀ bí ẹni tó ń rọbí, ìyẹn sì lè ba iṣan náà jẹ́ sí i. "Ẹ fún un" náà ò dáa tó, torí aṣọ la ń fún kí omi lè jáde. "Ẹ fà á wọnú, ẹ fà á sókè" ló yẹ. Èyí tó tún yé gbogbo ènìyàn jù lọ ni "ẹ ṣe bí ẹni tó ń mú ìsó mọ́ra".

Ẹ fà á wọnú, ẹ ka ení, èjì, títí ibi tí agbára yín bá mọ, kó má ju ẹẹ́wàá lọ. Ẹ tú u sílẹ̀ kó sinmi, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má sé èémí, ẹ má fún ìdí pọ̀. Kó tó ìgbà 8 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù 3 ó kéré tán. Bí ikọ́ bá ń bọ̀ tàbí ẹ fẹ́ gbé ẹrù, ẹ kọ́kọ́ fà á wọnú. Ẹ má fi í kọ́ra nígbà tí ẹ bá ń tọ̀ lọ́wọ́.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ìyá á kọ́kọ́ ká àkísà sábẹ́ ìró, á dín omi mímu kù, lẹ́yìn náà kò ní lọ sóde mọ́. Ẹ má jẹ́ kó dé bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn físíò, àwọn tó ń fi ìdárayá ṣe ìtọ́jú, ní FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà l'Ọ̀wọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tàbí ó ń ta yín, tàbí ó ń dà láìdáwọ́ dúró láti ìgbà tí ẹ bímọ, ẹ má dúró de ìdárayá kankan, ẹ tètè rí dókítà.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, èdè ò dọ́gba ní àgbègbè Ọ̀wọ̀ yìí. Ọ̀ghọ̀ lọmọ Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú rẹ̀ nílé. Ní Ìdóàní, àwọn kan ń sọ Iyayu, èdè tó bá Ẹ̀dó tan. Ẹ béèrè pé, "Màmá, kí lẹ ń pè é nílé?" Ọ̀rọ̀ tí màmá bá fi dá yín lóhùn ni kí ẹ fi kọ́ ọ.