Kí Ẹ Tó Ra Gáàsì Sí AC

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan l'Ágọ̀-Ìwòyè, AC wa ń tàn, ó ń kú. Ẹni tó wá tún un ṣe ní gáàsì ló tán. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi géèjì wò ó ná." R22 tó yẹ kó wà ní nǹkan bí 250 psi lápá tó gbóná ti ń lọ sí 400! Gáàsì tó tán kì í ṣe báyẹn.

Ooru yàrá ni gáàsì ń gbé jáde. Atẹ́gùn fáànù ìta ló ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Eruku ọyẹ́ ti dí kọ́ńdẹ́ńsà pa, ooru ò rọ́nà lọ, ìfúnpá ń ga títí swíìṣì ààbò fi pa kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ká wá tún rọ gáàsì sí i? Ewu ni o.

A paná, a fi omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fọ̀ ọ́. Ó wálẹ̀ sí 260. Tó bá ṣì ga, ẹ wo fáànù, tàbí bóyá ẹnìkan ti rọ gáàsì jù.